Abẹ́rẹ́ Tí Mọ́mì Dà Sí Ṣáláńgá

“Adéolúwa! Abẹ́rẹ́ oògùn olóró nínú ulé mi! Ṣé o fẹ́ kí ọlọ́pàá wá kó gbogbo wa ni?”

Bí Mọ́mì ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo nìyẹn, Àǹtí Títílọlá. Ẹ má bínú, mi ò tíì kí yín. Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Orókùn Mọ́mì ti sàn díẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Adéolúwa ni ara rẹ̀ ò yá.

Ó ṣì ń gún oògùn sápá. Nọ́ọ̀sì kan ní Òkè-Ìlá máa ń fún àwọn tó ń gún un ní abẹ́rẹ́ tuntun tí wọ́n bá kó èyí tí wọ́n ti lò wá, kí wọ́n má baà kó àrùn ran ara wọn. Ṣùgbọ́n òfin ò sọ ọ́ kedere, ọlọ́pàá lè torí ẹ̀ mú èèyàn. Ìdí nìyẹn tí Bọ̀ọ̀dá fi ń kó èyí tó ti lò pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Èmi ni mo fi han Mọ́mì. Mo rò pé mò ń gbà á là ni. Mọ́mì da gbogbo ẹ̀ sí ṣáláńgá.

“Mọ́mì, kí ni màá wá fi gba tuntun?”

“Ṣé ìgò mínírà ni, tí wọ́n ń fi òfìfo pààrọ̀?”

Bọ̀ọ̀dá bínú lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní àdúgbò Adébáyọ̀. Abẹ́rẹ́ tiwọn ló máa lò. Àǹtí, ká ní mo mọ̀, ǹ bá dákẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é, ẹ má bú u. Olúwa ò ní jẹ́ kí òtútù Kánádà mú yín.

Èmi Fúnkẹ́mi yín ni.

Lọ́la, mi ò ní lọ sílé-ìwé. Màá lọ bẹ nọ́ọ̀sì yẹn, màá sì gbé abẹ́rẹ́ tuntun wálé nínú báàgì mi. Màá fi bírò pa ibí yìí rẹ́ kí n tó fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́.