Ìdì Isiriq Nínú Ọ̀fun Ọkọ̀

Nafisa, olóòtú ètò rédíò wa, mo kí yín, mo sì kí gbogbo olùgbọ́. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, mi ò kàwé. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ abúlé wa tàbí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Bàrà olómi wa ti pọ́n lóko, ó fẹ́ máa rà, ni ọkọ̀ wa bá ń wú ikọ́, kò lè gun òkè ọ̀nà ọjà. Bahrom ọmọ mi ní, "Bàbá, pọ́ǹpù epo ló kú. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀."

Mo ní, "Ṣé o ti bi ọkọ̀ léèrè ohun tó ń ṣe é?"

Ó ń kùn, ṣùgbọ́n ó lọ yá ẹ̀rọ kékeré tó ń ka àìsàn ọkọ̀. Ẹ̀rọ náà ní afẹ́fẹ́ ò tó ẹ́ńjìnnì.

Bahrom ní, "Ó dáa, ká pààrọ̀ ohun tó ń wọn afẹ́fẹ́."

Mo ní, "Bí àgùntàn ò bá lè mí, ṣé imú ẹ̀ lo máa gé? Yẹ ọ̀fun ẹ̀ wò!"

Ó tú rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ìdì isiriq ló bá níbẹ̀, ewé tí ìyàwó mi fi ń lé ojú burúkú. Ìyàwó mi ti fi í sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ sì fà á mì. Bahrom rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

A yọ ọ́, ọkọ̀ gun òkè, bàrà sì dé ọjà láyọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ń sọ kiri pé, "Isiriq mi ló wo ọkọ̀ sàn," ó sì ti fi òmíràn síbẹ̀. Mi ò fẹ́ dójú tì í. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n ṣe? Ìyàwó mi kì í fi ètò yín ṣeré. Bóyá tó bá gbọ́ èyí, á rò pé ìyàwó ẹlòmíràn ni, á fi obìnrin náà rẹ́rìn-ín, á sì rọra lọ yọ tiẹ̀ kúrò.