Kànìnkànìn Tó Pa Ihò Rẹ̀ Dé

Ajé, 13 Jánúárì 2025
Ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án rèé. Ó tún dí. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Kànìnkànìn, torí ihò tín-ín-tìn-tín tó wà nínú òkúta wẹ́wẹ́ tí mo ń ṣe ní láàbù wa, tó fi ń fa gáàsì mu. Ní Nòfẹ́ńbà, ihò yẹn là gbàǹgbà. Ní báyìí, gbogbo èyí tí mo bá ṣe ló ń pa ihò dé. Èròjà kan náà, ìwọ̀n kan náà. Bóyá ọyẹ́ ni.

Ìṣẹ́gun, 14
Mo tún gbogbo èròjà wọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i; kò sí àṣìṣe.

Ọjọ́bọ̀, 16
Ọ̀gá mi, Dókítà Àkàngbé, pè mí. Wọn ò pariwo — ìyẹn ló dẹ́rù bà mí. "Òkìkíọlá, ta ló wà níbẹ̀ nígbà tó ṣí?" Mo ní èmi nìkan ni, sà. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Tó bá jẹ́ pé o kàn fọwọ́ ara ẹ kọ nọ́ńbà gáàsì ti Nòfẹ́ńbà yẹn láìwọ̀n ọ́n ni, sọ fún mi báyìí." Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí mo ti ń bá wọn ṣiṣẹ́! Mo lọ sunkún ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì.

Ajé, 20
Mo ti mọ̀ ọ́n. Ní Ẹtì, mo kó ìwọ̀nba tó kù lára ti Nòfẹ́ńbà — ó ṣì ṣí — sínú ìgò kan náà pẹ̀lú èyí tó dí. Láàárọ̀ yìí, gbogbo ẹ̀ ti dí. Eléyìí tó dí ló ń kó ran èyí tó ṣí! Eruku ẹ̀ bíńtín ti tó. Ó sì ti wà káàkiri láàbù wa: lórí tábìlì, lára ẹ̀wù mi, nínú irun mi.
Ẹ̀rí kan ṣoṣo tó kù — ọwọ́ ara mi ni mo fi bà á jẹ́.

Ìṣẹ́gun, 21
Ẹni tí kò dé ọ̀dọ̀ wa rí ló gbọ́dọ̀ ṣe é. Mo pe Ethel, ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù oògùn ní Ìdí-Àràbà. Mo ka gbogbo èròjà àti ìwọ̀n ẹ̀ fún un lórí fóònù. "Ṣé o ò tiẹ̀ ní yà kí mi ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ẹtì, 24
Kò tíì pè.

Àbámẹ́ta, 25
Bí tiẹ̀ náà bá dí ńkọ́? Ṣé mo tiẹ̀ rí i lóòótọ́ ní Nòfẹ́ńbà?

Ajé, 27
Ó ṣí! Ethel pariwo sí mi létí lórí fóònù: "Kíkì, ó ṣí gbayawu!" Mo gbé nọ́ńbà ẹ̀ lọ bá Dókítà, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ eruku yẹn; wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bákan náà ló rí pẹ̀lú tèmi. Wọ́n dìde. "Má bínú, ọmọ mi." Ijó ló kù tí mi ò jó.
Wọ́n wá ní láàbù tiwa ti bà jẹ́. Ọ̀dọ̀ Ethel niṣẹ́ yòókù ti máa parí, Ethel ló sì máa ṣe é.
Mo ní, èmi ńkọ́, sà?
"Ìwọ ò gbọ́dọ̀ débẹ̀." Ohùn wọn rọ̀. "Ṣebí ìwọ náà lo ṣàlàyé ìdí ẹ̀ fún mi."