Kíkí Tí Kò Rí Ìdáhùn

Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì

Àyà mi ṣì ń já. Láàárọ̀, mo gbọ́ ìró ọkọ́ nínú oko ẹ̀gẹ́ tó bá tiwa pààlà. Mo kígbe bí a ti máa ń ṣe: "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Ọkọ́ dákẹ́. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ajínigbé. Mo ju agbọ̀n sílẹ̀, mo sá wálé.

Nírọ̀lẹ́ ni Ìyá Ṣàkírá, tó ni oko náà, gbé agbọ̀n mi wá.

"Ṣé ìwọ lo kí mi ni? Abẹ́ ẹ̀gẹ́ ni mo sá sí. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n dá ohùn rẹ mọ̀."

A rẹ́rìn-ín.

Ìyá Ṣàkírá ní lọ́la, kí n kọ́kọ́ dárúkọ ara mi kí n tó kí àwọn. Mo gbà.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò tún gbọ́ orúkọ mi nínú igbó yẹn?