Ilé oúnjẹ Ṣáínà tí Káyọ̀dé ti ń dáná

Ọ̀sì, Ọjọ́rú, oṣù Kọkànlá, 1979

Adéoyè, tí a jọ ń kọ́ni, ti Èkó dé lónìí. Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó jókòó.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo jẹun lọ́wọ́ Káyọ̀dé yín."

Ọdún méjì rèé tí n kò ti dárúkọ ọmọ náà. Mo rán an lọ kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, ó fi í sílẹ̀, ó lọ ń dáná nílé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà. Mo ní kò gbọdọ̀ wọlé mi mọ́.

Adéoyè ní ilé oúnjẹ Ṣáínà mẹ́ta lòun dé l'Ékòó, ṣùgbọ́n ti Ìkòyí, níbi tí Káyọ̀dé wà, ló dùn jù. Ó ní ó máa ń gé iṣu wẹ́wẹ́, á fi atalẹ̀ àti omi ọbẹ̀ dúdú kan dín in nínú agbada, àwọn èèyàn sì ń tò torí rẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń pè é?"

"Iṣu Ọ̀sì ni wọ́n kọ sínú ìwé oúnjẹ wọn, sà."

Mo yíjú sí fèrèsé. Orúkọ ìlú wa ló fi sọ oúnjẹ rẹ̀, èmi tí mo rò pé ó ti gbàgbé wa...

Bóyá kò tilẹ̀ ní fẹ́ rí mi. Síbẹ̀, bí mo ṣe délé, mo ní kí ìyá rẹ̀ palẹ̀ mọ́, a ń lọ sí Èkó ní Sátidé. Ó ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Káyọ̀dé, ṣé ẹ ó lè jẹ oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà?"

Mo ní ohunkóhun tí ọmọ mi bá gbé síwájú mi ni n ó jẹ.