Aṣọ Akọrin Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Akínbọ̀wálé

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Míṣọ́nnì,
                                        Ìlaròó,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà, ọdún 2024.

Morádéyọ̀, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ìwòyè-Kétu? Bàbá Ìdùnnúolúwa ńkọ́? Ìdùnnúolúwa fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé eyín iwájú rẹ̀ ti hù? Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ sì kú òjò tó ń rọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé o pè mí lẹ́ẹ̀mẹta tí mi ò gbé e. Kì í ṣe iṣẹ́ ilé ìwé ló dí mi lọ́wọ́. Ojú ló ń tì mí, mo sì mọ̀ pé tí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, ẹkún ló máa gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi.

Ṣé o rántí ìgbà Kérésìmesì tí Akínbọ̀wálé àbúrò wa sọ fún wa pé òun ń tọ ẹ̀jẹ̀? Ìwọ ní ká gbé e lọ sí ọsibítù. Èmi ni mo ní kí o panu mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí kò tíì láya, tó ń kó ọjà sọdá ibodè lọ sí Kétu lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe àtọ̀sí tó kó lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ibẹ̀? Ó búra títí, mi ò gbọ́. Mo gba aṣọ akọrin rẹ̀, mo sì sọ fún olórí akọrin pé kò gbọdọ̀ dúró níwájú ìjọ mọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi mu àgbo kíkorò tí mo ń sè fún un. Ẹ̀jẹ̀ náà kò dá.

Ọjọ́ tó ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù la tó gbé e lọ sí Abẹ́òkúta. Jẹjẹrẹ ni, Morádéyọ̀. Inú àpò ìtọ̀ rẹ̀ ló wà. Dókítà náà, obìnrin kan tí kò lè dàgbà jù ọ́ lọ, ní àwọn àgbàlagbà ni àìsàn yìí sábà máa ń bá jà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Nígbà tó gbọ́ pé olùkọ́ ni mí, ó ní ojoojúmọ́ ni ara wa ń da ìwé ara rẹ̀ kọ, bí àwọn ọmọ ṣe ń da ohun tó wà lójú pátákó kọ. Wọn a máa ṣì í kọ, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ara tó ń tún un ṣe. Lára Akínbọ̀wálé, ohun tó ń tún un ṣe yẹn ti bàjẹ́, àṣìkọ wá ń gorí àṣìkọ. Ó ní ó lè jẹ́ pé wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Ó wá bi mí bóyá ẹnì kan nínú ẹbí wa ti ní jẹjẹrẹ rí.

Mo ní rárá.

Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀jẹ̀ ríru kọ́ ló pa Bàbá. Jẹjẹrẹ inú ìfun ni, ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì péré ni wọ́n. Èmi àti Màmá nìkan la mọ̀. Màmá ní kí n má sọ ọ́, kí wọ́n má baà máa sọ pé àrùn wà nílé wa. Nígbà tí àwọn àna rẹ wá ṣèwádìí kí wọ́n tó fẹ́ ọ, èmi ni mo wojú wọn tí mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Irọ́ náà ti mọ́ mi lẹ́nu débi pé mo pa á fún ẹni tó ń wá bí yóò ṣe gba àbúrò mi là.

Ní ọjọ́ kejì mo padà lọ jẹ́wọ́. Dókítà kò bú mi. Ó ní ohun tí mo sọ yóò jẹ́ kí àwọn mọ oògùn tó yẹ Akínbọ̀wálé, àti pé kí èmi àtìwọ wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Tó bá wà lára wa, wọ́n á lè máa ṣọ́ wa kó tó di nǹkan. Mo ti ṣe tèmi, mo ń retí èsì. Jọ̀ọ́, wá. Sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ. Tó bá bínú, èmi ni kó bínú sí.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Akínbọ̀wálé, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, aṣọ akọrin mi dà?" Mo fọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́, mo gbé e lọ fún un. Nígbà tó wọ̀ ọ́, ó fẹ̀ jù ú lọ níhà méjèèjì. Láàárọ̀ yìí ni mo fi abẹ́rẹ́ gbà á wọlé. Mi ò gé èyí tó ṣẹ́kù dànù o. Mo ká a sínú, kí n lè tú u nígbà tó bá sanra padà.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ.

                                        Èmi ni tìrẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ tí ojú ń tì,
                                        Àrìnpé.