Ta Ló Ni Bẹ́ẹ̀dì Tí Ọkọ Mi Ń Kàn?

Olóòtú wa, mo kí yín, ẹ kú làálàá wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ìsẹ́yìn ni mò ń gbé, ọkọ mi sì máa ń gbọ́ ètò yín nídìí òfì.

Aṣọ òkè ló ń hun, kì í ṣe káfíńtà. Ṣùgbọ́n látìgbà tí Iléyá ti kọjá ló ti ń kan bẹ́ẹ̀dì lọ́dẹ̀dẹ̀ wa. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ayùn rẹ́ pákó. Bẹ́ẹ̀ orí ẹní la ti ń sùn látọjọ́ tó gbé mi wọlé, n kò sì ráhùn rí.

Olóòtú, ní agbo ilé wa, ìyàwó tuntun ni wọ́n máa ń kan bẹ́ẹ̀dì dè. Mo bi í pé ta ló ni ín. Ó ní, "Bá mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kó má mì." Mo dì í mú. Àwọn obìnrin ilé ti ń kí mi ní "Ìyálé", wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ yìí ló parí rẹ̀. Ó ní kí n dùbúlẹ̀ sí i, kí òun gbọ́ bóyá yóò máa dún. Kò dún rárá. Ó ní, "Ó dáa, dìde." N kò dìde. Ó wò mí títí, ó bá gba ìdí òfì rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n tún bi í ni, àbí kí n máa retí àlejò? Bí ẹni tó kan bẹ́ẹ̀dì bá sì ń gbọ́, kó mọ̀ pé orí bẹ́ẹ̀dì náà ni mo ti kọ lẹ́tà yìí.