Ilé-Ìwé Wa Gba Adé, Èmi Ò Di Olorì

Olúrótìmí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà n'Íbàdàn? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ ò ní rí ìbànújẹ́ o. Ọmọ́bọ́lá ẹ̀gbọ́n rẹ àti Zoe ọmọ rẹ̀ ń kí yín láti Houston níbí.

O mọ̀ pé nígbà tí Zoe bẹ̀rẹ̀ daycare, ilé dá páropáro fún mi, ni Ọmọ́bọ́lá bá fi mí sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì tó wà lẹ́yìn apartment wa, kí n máa kọ́ nípa ìtọ́jú ọmọdé. Ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó, n kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mò ń wò wọ́n. Àwọn ọmọ kéékèèké tá a jọ wà ní kíláàsì ń pe olùkọ́ wa ní Evelyn gbà-ǹ-gbà, ó sì ń rẹ́rìn-ín! Èmi kúnlẹ̀ kí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí wọ́n sáré gbé omi wá, ó rò pé òòyì ló ń kọ́ mi.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n kéde pé ìjọba ti fún ilé-ìwé wa láṣẹ láti máa fúnni ní digirí, bíi ti àwọn yunifásítì ńlá tó wà ní àdúgbò Third Ward lọ́ọ̀ọ́kán. Rótìmí, nígbà tí Baálẹ̀ wa gba adé, ṣebí ọjọ́ náà gan-an ni àwọn ìyàwó rẹ̀ di olorì, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n lọ fi ọdún méjì ṣe ìyàwó sí i. Mo gbà pé èmi náà ti di gírájúéètì nìyẹn. Mo se mọ́ínmọ́ín lọ kí ọ̀gá ilé-ìwé kú oríire, akọ̀wé rẹ̀ ní èló ni mò ń ta ọ̀kan. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Stafford bá mi dúpẹ́. Mo pe bàbá yín sọ fún un, kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ pé ó ti ń pe ara rẹ̀ ní ọkọ gírájúéètì kiri àdúgbò.

Àfi ìgbà tí Evelyn fi sùúrù sọ fún mi pé ilé-ìwé ló gba àṣẹ, èmi ṣì ní ọdún méjì láti kà. Ó ní kí n dúró, pé mo mọ̀wé, pé n kò ní tìtorí digirí gun bọ́ọ̀sì méjì lọ sí Third Ward mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé mo mọ̀wé.

Bàbá yín ń retí mi nínú oṣù kẹjọ. Owó tíkẹ́ẹ̀tì tó fi ránṣẹ́ pé kí n fi padà wálé, mo ti fi forúkọ sílẹ̀. Jọ̀ọ́, ìwọ ni kó o bá mi sọ fún un, ṣùgbọ́n jẹ́ kó jẹun tán. Bó bá pariwo, sọ fún un pé kò burú, n ó wálé, kí òun náà lọ sọ fún àdúgbò pé ìyàwó òun kò tíì di gírájúéètì.

Fi owó sáà kejì ránṣẹ́. Èmi náà kò bi ọ́ léèrè ohun tó o fi owó ilé-ìwé tìrẹ rà nígbà tó ò ń kàwé. Bó o ṣe ń rán ìyá rẹ níléèwé yìí, àwọn ọmọ tìrẹ náà á rán ọ lọ lágbára Ọlọ́run.

Èmi ni ìyá rẹ,
Adérìnsọ́lá